Ìdì léèsì mẹ́fà, wọ́n ta mẹ́sàn-án!

Lẹ́tà yín ń tẹ̀ wá lọ́wọ́, a ò sì fi ọ̀kan ṣeré nínú wọn. Méjì ni mo mú jáde lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn tó kọ ọ́ ò mọ ara wọn rí: ọ̀kan ń tajà, ìkejì ń rajà. Àmọ́ bí ẹ bá kà á tán, ẹ ó rí i pé ìdí ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì jókòó sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ìyá tó ń tajà. Mo gé lẹ́tà wọn kúrú díẹ̀ kó lè gba ojú ìwé:

"Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, mo kí yín o. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Àbúrò mi obìnrin ń bá mi tà á nínú ọjà Balógun l'Ékòó, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà la sì ń kó ọjà sí. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi bá wa ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, káwọn tó wà lókè òkun náà lè máa rà lọ́wọ́ wa. Ọjà kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń tà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, léèsì aláwọ̀ ewé kan ṣẹ́ ku ìdì mẹ́fà. Àbúrò mi ta mẹ́rin l'Ékòó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sọ fẹ́nì kankan. Nígbà tó dalẹ́, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní Manchester sanwó ìdì márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, aṣọ ẹbí ni. Méjì péré ló wà nílẹ̀! Ọmọ mi ní àǹtí òun ló fà á. Àbúrò mi ní kọ̀ǹpútà ló fà á. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin Manchester náà sì ń kọ̀wé lójoojúmọ́ pé gbájúẹ̀ ni wá. Ẹ gbà mí, ta ni kí n dá lẹ́bi? Èmi ni, Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn."

Ó tán. Lẹ́tà kejì rèé, ìlú London ló ti wá:

"Ọ̀gá mi, Peckham ni mò ń gbé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ìbàdàn jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan lórí fóònù lọ́jọ́ kan náà, aṣọ kan náà la sì jọ ń wò. Tiwọn, ₦60,000. Tèmi, £48. Mo ṣírò ẹ̀ ní ₦2,000 sí pọ́n-ùn kan, ó di ₦96,000! ₦36,000 ni wọ́n fi lé tèmi. Àbí igi owó ló wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, tá a kàn ń já a bí ẹni já ewé? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ wa jẹ? Èmi ni, Ẹni Tínú Ń Bí, Peckham."

Ẹ wá gbọ́ o.

KÀǸGA KAN, ILẸ̀KÙN MẸ́TA

Ìyá Aláṣọ, ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ má dá àbúrò yín lẹ́bi, ẹ má sì dá ọmọ yín lẹ́bi. Ìwé yín ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi. Ọjà kan lẹ ní, ìwé méjì lẹ fi ń kà á. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà ọmọ yín, ìkejì wà nínú orí àbúrò yín. Láàárọ̀ Sátidé yẹn, ìwé méjèèjì ń sọ pé mẹ́fà. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ti inú orí àbúrò yín ti di méjì, ti inú kọ̀ǹpútà ṣì dúró sórí mẹ́fà. Kọ̀ǹpútà ò purọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Kò lójú tó lè fi wo inú ṣọ́ọ̀bù ní Balógun. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ẹ̀ náà ló mọ̀. Àbúrò yín náà ò sì ṣẹ̀, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjà tó wà níwájú òun tún wà níwájú ẹnì kan ní Manchester.

Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ̀yin tiẹ̀ sàn. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ máa gba náírà lọ́wọ́ ará ilé, kí wọ́n sì máa gba pọ́n-ùn lọ́wọ́ ará òkè òkun. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù méjì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ti náírà, ọ̀kan ti pọ́n-ùn. Ìdì méjìlá wà ní sítọ̀. Wọ́n kọ 12 sí ti náírà, wọ́n tún kọ 12 sí ti pọ́n-ùn. Ojú ayé wá ń wo mẹ́rìnlélógún! Iye owó nìkan ló yẹ kó jẹ́ méjì, àwọn ti sọ ọjà fúnra ẹ̀ di méjì. Lọ́jọ́ tí ọjà bá yá ni wọ́n á mọ̀ pé àwọn ti jẹ gbèsè.

Ẹ jẹ́ n fi kànga là á yé yín. Agbo ilé kan lè ní ilẹ̀kùn mẹ́ta, kànga kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá. Ilẹ̀kùn yòówù kí èèyàn gbà wọlé, omi kan náà ló máa fà. Balógun, ilẹ̀kùn ni. Gbági, ilẹ̀kùn ni. Íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn ni. Àkọlé tó wà lójú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ lè yàtọ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kànga ò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

BÁ A ṢE Ń ṢE É RÈÉ

Èkíní, ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá tajà, ibi yòówù kó wà, inú ìwé yẹn ló gbọdọ̀ kọ ọ́ sí lójú ẹsẹ̀. Ọmọ yín lè ṣe é kí àbúrò yín máa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ẹ̀ níbi tó jókòó sí. Kó tó di aṣọ sínú ọ̀rá fún oníbàárà ni kó tẹ̀ ẹ́ o, kì í ṣe tó bá délé lálẹ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá máa ń lọ ní Balógun, ọgbọ́n wà fún un: ẹ pín in. Nínú mẹ́fà, ẹ ya méjì sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, kí mẹ́rin tó kù jẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àbúrò yín bá ta méjì tiẹ̀ tán, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mẹ́rin tó kù àfi tó bá pe ọmọ yín tí ìyẹn sì yọ ọ́ nínú kọ̀ǹpútà.

Èkejì, ẹ sọ ọjà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. "Léèsì ewé" kì í ṣe orúkọ. Ewé wo? Yáàdì mélòó? Ẹ fún un ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìdì. Ẹni tó bá mọ léèsì látìgbà tí wọ́n ti ń kó o wá láti Lustenau lórílẹ̀-èdè Austria mọ̀ pé ewé òní lè má jọ ewé àná, bó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pa á láró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú aṣọ ẹbí, gbogbo ayé ló ń rí i.

Ẹ̀kẹta, ìgbà wo ni ọjà kúrò nílẹ̀? Ibí ló ti ń wọ́n lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Oníbàárà á ju aṣọ sínú agbọ̀n orí íntánẹ́ẹ̀tì, á lọ sebẹ̀. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ lè máa pa á mọ́ fẹ́ni tí kò ní rà á. Bẹ́ ò bá yọ ọ́ rárá àfi tówó bá wọlé, ẹni méjì lè jọ máa sanwó ìdì kan náà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó dáa ni pé tó bá ti dé ibi ìsanwó, ẹ dá a dúró fún un fún ìṣẹ́jú díẹ̀, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí owó bá wọlé, tiẹ̀ ni. Bí àkókò bá pé tówó ò wọlé, kó padà sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tó sì ní òun ti fi owó ránṣẹ́ láti báńkì, ẹ má tìtorí àwòrán rìsíìtì tó fi hàn yín gbé ọjà fún un. Ẹ dúró kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí owó náà nínú àkáǹtì. Ẹ bá a dá ọjà náà dúró títí di wákàtí tẹ́ ẹ bá jọ fẹnu kò sí, ẹ sì kọ ọ́ síwèé pé ó wà ní ìdádúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má kó gbogbo ọjà síta. Tó bá ku mẹ́fà nílẹ̀, kí íntánẹ́ẹ̀tì rí márùn-ún. Tó bá ku ẹyọ kan, kí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé ó ti tán. Ẹyọ tẹ́ ẹ fi pamọ́ yẹn ni yóò gbà yín lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá gbàgbé láti tẹ fóònù, tàbí tí eku bá jẹ etí aṣọ kan. Ẹyọ kan tó pẹ́ kó tó tà ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ ń bẹ ará Manchester.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ọjà àkópọ̀. Ká ní léèsì mẹ́wàá wà nílẹ̀, gèlè tó bá a mu jẹ́ méje, ẹ sì ń ta léèsì pẹ̀lú gèlè papọ̀. Àkópọ̀ mélòó lẹ ní? Méje ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá wá ra gèlè mẹ́ta lásán, àkópọ̀ ti di mẹ́rin nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ fọwọ́ kan léèsì. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò ẹ̀ bẹ́ ẹ bá sọ fún un. Tẹ́ ò bá sọ fún un, á máa ta gèlè tó ti wà lórí ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹfà, ìwé kan ṣoṣo kò ní kẹ́ ẹ má mọ ibi tí ọjà wà. Nínú ìwé kan náà, ẹ la ojú ilà: mélòó l'Ékòó, mélòó n'Ìbàdàn, mélòó lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ní London, mélòó ló wà lójú ọ̀nà. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú kò tíì di ọjà tẹ́ ẹ lè fi dá oníbàárà lójú pé ọ̀la ló máa gbà á. Bí ti London bá tán tó sì ku l'Ékòó, ẹ lè tà á fún ará London, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọjọ́ tó máa gbà fún un kó tó sanwó.

Èkeje, ọwọ́ làgbà. Ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹ fọwọ́ ka ọjà, kẹ́ ẹ fi wé ìwé. Aṣọ tí oníbàárà dá padà, ẹ tú u wò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ padà sílẹ̀. Bí ìwé àti ilẹ̀ ò bá bára mu, ẹ wádìí ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ti ọmọbìnrin Manchester ńkọ́? Òun ló yẹ kó gba tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó parí ti ara yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù. Lónìí, kì í ṣe lọ́la, ẹ̀yin ìyá fúnra yín ni kẹ́ ẹ pè é, kì í ṣe ọmọ. Ẹ sọ òótọ́ fún un, láìpe orúkọ àbúrò, láìpe orúkọ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú ẹ̀: kó gba gbogbo owó ẹ̀ padà; kó gba méjì tó wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ dá owó mẹ́ta padà; tàbí kẹ́ ẹ fi àwòrán aṣọ mìíràn tó tó márùn-ún hàn án, kó yàn fúnra ẹ̀. Ẹ má fi ewé tó jọ ọ́ ránṣẹ́ láìbi í o! Ọjọ́ ìgbéyàwó ò ṣeé tún ṣe. Aṣọ ẹbí tí ẹni mẹ́ta wọ ọ̀tọ̀ nínú ẹ̀, àwòrán ẹ̀ á wà lára ògiri títí láé, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín á sì máa wà nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀.

IYE MÉJÌ, ÀLÀYÉ KAN

Ó wá kan ẹ̀yin ará Peckham. Ẹ rọra fọwọ́ wọ́nú, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tẹ́ ẹ gbé e dé.

Látọjọ́ tí ọjà ti wà ni iye ọjà ò ti dọ́gba níbi gbogbo. Iṣu tí wọ́n wà nílẹ̀ Ṣakí, iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà á ní Mile 12. Ẹni tó bá lọ ra aṣọ-òkè lọ́wọ́ ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé iye tòun kọ́ ni wọ́n á pe fẹ́ni tó dúró s'Ékòó. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọkọ̀ gbé e, alábàárù rù ú, wọ́n sì gba owó lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.

Ẹ jẹ́ ká tú £48 yín palẹ̀, ká fi ₦2,000 sí pọ́n-ùn kan tí ẹ̀yin náà lò ṣírò ẹ̀. Bí onítọ̀hún bá jẹ́ olóòótọ́, àlàyé tó yẹ kó lè ṣe fún yín nìyí. ₦60,000 ti Ìbàdàn, £30 nìyẹn. Ká ní owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti ẹni tó máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín jẹ́ £8. Ká ní owó tí báńkì ń yọ lórí káàdì àti ti ìdìpọ̀ jẹ́ £2. Ó di £40. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń gba VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún, láti oṣù kíní 2011. Lórí £40, ìyẹn jẹ́ £8. Àpapọ̀ ẹ̀, £48. Ẹ rí i? Nínú £18 tó fi lé, kò sí kọ́bọ̀ kan tó wọ àpò ìyá tó ń tajà. Èrè tó jẹ lára ẹ̀gbọ́n yín náà ló jẹ lára yín.

Kì í sì í ṣe pé ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kíní oṣù kíní 2021, bí ẹni tó wà lókè òkun bá ta ọjà tí kò ju £135 lọ tààrà fẹ́ni tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun tó ń tajà ló gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí ibẹ̀, kó sì gba VAT náà nígbà tó bá ń tà á. Bó bá ju £135 lọ, ẹnu ibodè ni wọ́n á ti gbà á, wọ́n sì lè fi owó aṣọ́bodè kún un. Aṣọ ọmọdé ò ní VAT níbẹ̀. Nàìjíríà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT láti oṣù kejì 2020. Ní Amẹ́ríkà, ọjà tí kò ju $800 lọ máa ń wọlé tẹ́lẹ̀ láìsan owó ibodè, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2025 wọ́n dá ìyọ̀ǹda yẹn dúró fún ọjà láti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí Houston tí kò sì tún iye ẹ̀ ṣírò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, àpò ẹ̀ tàbí àpò oníbàárà ẹ̀ ló ń jò.

Níbo wá ni ìrẹ́jẹ ti ń wọlé? Ó ń wọlé níbi tí iye bá yàtọ̀ tí kò sì sí ìdí ẹ̀. Nínú ọjà wa, gbogbo wa la mọ àwọn tó ń wo bàtà ẹsẹ̀ èèyàn kí wọ́n tó pe iye. Tẹ́lẹ̀, àṣírí ẹ̀ kì í tètè tú. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè gbé fóònù méjì síwájú ara wọn kí àṣírí tú. Ní oṣù kẹsàn-án 2000, àwọn tó ń ra fíìmù DVD lọ́wọ́ Amazon l'Amẹ́ríkà rí i pé iye tí wọ́n pè fún ọ̀kan kọ́ ni wọ́n pè fún ẹlòmíràn, fún fíìmù kan náà. Ilé iṣẹ́ náà ní àyẹ̀wò lásán làwọn ń ṣe, pé àwọn kàn ń pe iye bó ṣe bọ́ sí ni, àwọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ariwo náà pọ̀ débi pé wọ́n dá owó padà fún oníbàárà 6,896, ìpíndọ́gba $3.10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dọ́là mẹ́ta péré! Kì í ṣe owó náà ló dun àwọn èèyàn, àìrí àlàyé ló dùn wọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù tiẹ̀ ti fi òfin là á. Láti ọjọ́ 3 oṣù kejìlá 2018, oníṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lè pe iye ọ̀tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tilẹ̀kùn mọ́ ará orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Ìṣọ̀kan náà, kò sì gbọdọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìlú ẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Nílé níbí, òfin ààbò oníbàárà ti 2018 tí wọ́n ń pè ní FCCPA ní kí oníṣòwò kọ iye ọjà síta, kò sì gbọdọ̀ gba ju iye tó kọ síta lọ.

Ìyá Aláṣọ, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ èyí, torí ó kàn yín.

Ẹ ní iye ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo fún ọjà kọ̀ọ̀kan, inú ìwé kan náà yẹn ni kó wà. Ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi kún un, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọkọ̀, ti báńkì, ti ìjọba. Bí owó ọkọ̀ bá lọ sókè, ibi kan lẹ máa tún ṣe, gbogbo iye tó kù á sì bá a lọ.

Ibi tí ọjà ń lọ ni kẹ́ ẹ fi pe iye, kì í ṣe ibi tí fóònù oníbàárà wà. Kọ̀ǹpútà máa ń gbìyànjú láti fi nọ́ńbà tí fóònù gbé wọ íntánẹ́ẹ̀tì mọ ìlú tí èèyàn wà, ó sì máa ń ṣì í. Àwọn ọmọ ìwòyí tún mọ bí wọ́n ṣe ń dọ́gbọ́n sí i, ẹni tó wà ní Peckham á ní Gbọ̀ngán lòun wà. Ẹ lè fi nọ́ńbà yẹn pinnu owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi hàn án, náírà tàbí pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì tó ní kẹ́ ẹ gbé ọjà lọ ni kó parí ọ̀rọ̀. Ará Peckham, ibí ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín o: bó bá jẹ́ ìyá yín l'Abẹ́òkúta lẹ fẹ́ ra aṣọ náà fún, kò wọ ọkọ̀ òfuurufú, kò sì wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. £8 ti ọkọ̀ òfuurufú ò sí níbẹ̀, £8 ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò sí níbẹ̀. Iye ti ilé ló yẹ kẹ́ ẹ san, owó ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta àti ti báńkì ló kàn máa lé e. Bí wọ́n bá ṣì pe £48 fún yín nítorí pé fóònù yín wà ní London, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ nìyẹn, ẹ fọhùn!

Iye tí oníbàárà ti san, ó ti dúró. Gbogbo wa la rántí bó ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦470 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí oṣù kejì 2024 fi máa parí. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láàárọ̀, tó wá ní kó fi kún un nírọ̀lẹ́ torí dọ́là ti gbéra, ó ti ba orúkọ ara ẹ̀ jẹ́. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa ń tún iye yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó dúró títí di ọjọ́ náà.

Lákòótán, ẹ kọ àlàyé iye síbi tí oníbàárà ti máa rí i kó tó sanwó: aṣọ rèé, ọkọ̀ rèé, ti ìjọba rèé. Iye tẹ́ ẹ ò bá lè tú palẹ̀ lójú ẹni tó fẹ́ san án, ẹ má pè é. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

Ará Peckham, ẹ kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù náà, ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe dé £48. Bí wọ́n bá tú u fún yín bí mo ṣe tú u yìí, ẹ sanwó yín kẹ́ ẹ sì gba aṣọ yín. Bí wọ́n bá ń ké hàìn-hàìn, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ṣí sílẹ̀.

Ìyá Aláṣọ, ẹ pe àbúrò yín àti ọmọ yín jókòó lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ gbé gbogbo ọjà sílẹ̀, kí àǹtí máa kà á sókè, kí ọmọ máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí wọ́n bá fi kà á tán, wọ́n á ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ tipátipá, ìwé yín á sì ti di ẹyọ kan. Kẹ́ ẹ kọ̀wé padà sí wa, kẹ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ọmọ Manchester wí.

Ẹ̀yin òǹtajà tó kù ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá ní ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ ń gbà pín ọjà kan tà láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò tí kò sì dìjà, ẹ fi ránṣẹ́, àyè ẹ̀ wà lójú ìwé yìí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjà á tà o!